Kíjìpá Fẹ́ Kọjá Adágún

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹrin

Kíjìpá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ètè tó là. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ọrùn aṣọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ń pariwo kí n tó bọ́ bàtà. Mo ní ta ni. Ó ní Erinmi ni, ọmọ Onígíláàsì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí apá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó itan mi. Erinmi ní ọmọ alápatà ò gbọdọ̀ wọ adágún, pé gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ ló máa gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀ tí wọ́n á sì wá jẹun.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fi báàgì gbá a."

"Kí ló wà nínú báàgì?"

"Ìwé ìṣirò. Àti òkúta kan."

"Òkúta mélòó?"

"Méjì, Bàámi."

Ọ̀rọ̀ tó ju òkúta lọ wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin mi yìí, ọmọ ọdún méjìlá, ti kọ orúkọ sílẹ̀ pé òun máa bá wọn lúwẹ̀ẹ́ kọjá adágún ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún. Láti èbúté dé ilé ẹ̀rọ omi àtijọ́ tó wà lódìkejì jẹ́ 1,200 mítà. Púùlù ilé ìwé nìkan ló mọ̀, èyí tí wọ́n fa ìlà dúdú sí nísàlẹ̀ kí ọmọ má baà ṣìnà. Ẹni tó bá kọjá, wọ́n á fi ọ̀dà kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri ilé ọkọ̀, á sì máa bá àwọn onífìlà pupa, àwọn tó ti kọjá rí, wẹ̀ nínú adágún. Ẹni tí kò bá kọjá, inú púùlù ló ń padà sí pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Owó ìforúkọsílẹ̀: iye ẹran kílò méjì, eléegun. Mo ní a ó rí i. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ohun tí a máa rí.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹrin

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fèrè ní èbúté. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fi yọ òkú àti alààyè nínú adágún kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ló ń kọ́ báyìí, fèrè irin kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kì í bọ́. Ó wo èjìká ọmọ mi, ó tẹ apá rẹ̀ wò, ó yí i po, bí èmi náà ṣe máa ń yí màlúù po kí n tó dá owó lé e. Mo fẹ́ béèrè iye tó máa gbà. Kí n tó la ẹnu, ó ti ti ọmọ náà sínú omi, taṣọ tabàtà.

Mo kígbe. Ó ní, "Alápatà, dákẹ́. Ṣé bó o ṣe máa ń kígbe lórí màlúù náà nìyí?"

Kíjìpá rú jáde, ó ń tutọ́, ó ń ṣépè lábẹ́ eyín. Inú Ìyá Fèrè dùn. "Èyí tó bá ṣépè fún mi ni mo máa ń gbà. Èyí tó bá sunkún, mo máa ń dá a padà fún ìyá ẹ̀."

Òfin tó sọ fún wa: ọkọ̀ kékeré kan máa tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan, atukọ̀ kan àti ará ilé kan ló máa wà nínú ẹ̀. Tí ọwọ́ ará ilé bá kan ọmọ, tàbí tí ọmọ bá di ọkọ̀ mú, ó parí fún un. Mo ní èmi ni màá wà nínú ọkọ̀. Ta ló tún kù?

Bàtà tó bà jẹ́: ẹran kílò mẹ́rin. N kò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹrin

Afẹ́fẹ́ láti òwúrọ̀. Ìgbì ń gbá ọmọ náà lẹ́nu bí ẹni tó ń gbá ọmọ aláìgbọràn. Tó bá gbé orí láti mí, omi ló ń mu. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wẹ̀ lọ láàárín èébì ara rẹ̀.

Kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ adágún. Ó wẹ̀ títí, ó rò pé òun ti jìnnà, ó gbójú sókè, òpó èbúté tó ti gbéra ló tún kan lórí. Ó wú lórí. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹran tútù, mo sì dá ẹran náà padà sórí tábìlì. Ẹran kì í mọ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin

Aṣọ ìwẹ̀ ń bó o lábẹ́ apá àti lọ́rùn. Ìyá Fèrè ní ká ra ìpara tí wọ́n fi ń pa á. Ike kan, ẹran kílò kan àbọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi alápatà, kí n lọ fowó ra ọ̀rá? Mo gé ọ̀rá àyà màlúù, mo yọ́ ọ, mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú agolo wàrà. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹrin

Ajá mẹ́ta ló tẹ̀ lé Kíjìpá dé èbúté. Ọ̀kan lá a ní orúnkún títí ó fi wọ omi. Nígbà tó wọ inú omi tútù, ọ̀rá náà dì lára rẹ̀ bí àbẹ́là, ó ń wó lulẹ̀ ní ègé ègé, okùn awò ìlúwẹ̀ẹ́ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀ títí awò náà fi rì. Erinmi dúró lórí pákó, ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ wá wo ọbẹ̀ tó ń wẹ̀!"

Kíjìpá jáde, ó kọ́kọ́ fún Erinmi ní ẹ̀ṣẹ́ nínú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ́dọ̀ mi, ó gba agolo lọ́wọ́ mi, ó sì da gbogbo ẹ̀ sí mi lórí. N kò lù ú. Mo rò ó, mo rí i pé mo jẹ ẹ́.

Awò tuntun: kílò méjì àbọ̀. Ìpara gidi: kílò kan àbọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì mi: kílò mẹ́ta. Ahun ni mo fẹ́ ṣe, ahun ló ṣe mí.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹrin

Ẹ̀kọ́ òní ni bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rì. Ìyá Fèrè kó wọn jọ nínú omi tó mu wọ́n dé àgbọ̀n. Ó ní, "Ẹni tó ń rì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó jẹ́ ìyá ẹ ni, á gun orí ẹ bí àkàbà. Ẹ má bá a jà sókè, òkè lòun náà ń wá. Ẹ fà á lọ sísàlẹ̀. Á fi yín sílẹ̀ fúnra ẹ̀."

Ó pín wọn ní méjì méjì. Ta ni wọ́n fún ọmọ mi? Erinmi. Ó di ọrùn rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó sì gbé gbogbo ara lé e. Wọ́n rì. Fèrè dún pé kí wọ́n jáwọ́. Erinmi ò jáwọ́. Omi ń hó lórí wọn, mo sì rí ọwọ́ kan ṣoṣo tó jáde tó tún wọlé.

N kò mọ bí mo ṣe dé etí pákó. Onígíláàsì, bàbá ọmọ náà, di ọrùn aṣọ mi mú: "Eré ọmọdé ni, Alápatà! Kí lò ń fò káàkiri fún?" Mo fi orí kàn án. Mo gbọ́ ìró eyín rẹ̀ kí n tó rí i lórí pákó, ọ̀kan ṣoṣo, funfun. Ó gbá mi létí, etí náà ṣì ń hó bí mo ṣe ń kọ èyí. A ń yí lórí pákó, a ń gbá ara wa bí òbúkọ méjì, àfi ìgbà tí Ìyá Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ lù wá, ó ń lu èmi lẹ́ẹ̀kan, ó ń lu òun lẹ́ẹ̀kan, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀, títí àjẹ̀ náà fi kán.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Kíjìpá ti jókòó lórí òkúta níwájú lọ́hùn-ún, ó ń fún irun rẹ̀. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà kí n tó dé etí pákó. Kò sí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Ojú ló ń tì í, nítorí mi.

Wọ́n lé èmi àti Onígíláàsì kúrò ní èbúté fún ọ̀sẹ̀ kan. Àjẹ̀ tuntun, ẹran kílò márùn-ún, a pín in sí méjì. Eyín rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò yìí o.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹrin

Màlúù kan já ní odò ẹran láàárọ̀. Irọ́ ni mo pa fún wọn pé okùn ló já. Kò já, ó tú ni. Èmi ni mo ta kókó rẹ̀, omi ló sì wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń ta á. Ẹran náà fi ìwo gbé ẹnìkejì mi tó ń bá mi pa ẹran, ó jù ú lu ògiri, ó tún padà wá wá a. Ọkùnrin méje la fi àáké àti okùn bá a jà kó tó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ dé kókósẹ̀. Egungun ìhà ẹnìkejì mi méjì ló kán.

Mo san owó dókítà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n san án. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mà ṣeun o." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù karùn-ún

Ìjì ká àwọn ọmọ mọ́ àárín omi. Láti etí omi, òjò ti bo wọn, fèrè nìkan là ń gbọ́. Ọkọ̀ méjì dojú dé. Nígbà tí Kíjìpá jáde, ètè rẹ̀ dúdú, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. 600 mítà! Ó ní ìgbì gbé òun sókè tó bẹ́ẹ̀ tí òun rí òrùlé ilé wa.

Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ju abọ́ àwo lu ògiri, abọ́ tó dáa, ọ̀kan nínú mẹ́fà.

"Ẹ fẹ́ pa á! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pa ẹran ní gbogbo ọjọ́, kò ṣe yín bíi nǹkan kan mọ́!"

"Ọmọ náà ló fẹ́ ẹ."

"Tọ́mọ bá ní òun fẹ́ jẹ iná, ẹ máa bá a fẹ́ ẹ ni?"

Ó ti aṣọ ìwẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún

Kíjìpá fi síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé wẹ̀. Ó wúwo lára rẹ̀ bí òkú ajá, ó sì wẹ 400. Ìyá rẹ̀ rí síkẹ́ẹ̀tì náà lórí okùn. Nígbà tó di àṣálẹ́, aṣọ ìwẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ ká etí ibi méjèèjì tó ń bó o.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù karùn-ún

Òjò. Màlúù wọ́n. Kò sí omi wíwẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù karùn-ún

Ó wá bá mi ní ìsọ̀ nígbà tí mò ń fọ tábìlì. Ó jókòó lórí àpótí yìnyín.

"Bàámi, ṣé ẹran máa ń mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Pé ẹ fẹ́ pa òun."

Mo ní àwọn kan máa ń mọ̀. Mo ní wọ́n máa ń tìkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, pé ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n.

"Nígbà tí mo bá dé àárín, tí n ò rí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní ká padà nínú ẹ̀ tó bá fẹ́, owó tó ti lọ ti lọ. Ó wò mí bíi pé mo bú u. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ pípadà? Mo kàn ń sọ fún yín ni. Ìyá Fèrè ní kí n máa sọ ọ́ jáde kó má baà wúwo."

Mo bá a ní, "Ẹ̀rù omi yẹn ń ba èmi náà." Ó ní òun mọ̀. Ó ní gbogbo èbúté ló mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù karùn-ún

1,000 mítà. Igi kan tó ń léfòó kàn án níwájú orí, ó là á. Ó parí 1,000 rẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó dé etí omi, ojú rẹ̀ pupa láti irun dé àgbọ̀n, àwọn ọmọ kékeré sì sá.

Ilé ìwòsàn: abẹ́rẹ́ kan àti rírán ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹran kílò mẹ́fà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé tó bá jẹ́ nítorí rírán ni, mo mọ̀ ọ́n rán, pé mo ti rán ikùn ewúrẹ́ tó dáa ju báyìí lọ. Ó ní kí n jáde. Kíjìpá rẹ́rìn-ín títí ojú rírán náà fi tún fẹ́ ṣí, ni nọ́ọ̀sì bá fi ìbínú ti ilẹ̀kùn lé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù karùn-ún

Onígíláàsì wá ra ẹran. Àyè eyín rẹ̀ dúdú. A ò kí ara wa. Ó ní, "Kílò kan, má fi eegun kún un, n ò ní eyín tí n ó fi jẹ ẹ́ mọ́." Mo fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lé e. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀dọ̀ yìí ò tíì tó eyín o," ó sì gbé e lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù karùn-ún

Ìyá Fèrè dúró níwájú ìsọ̀ nígbà tí mo fẹ́ tì í. Kò ra nǹkan kan. "Alápatà, ọmọ ẹ ti tó. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o tó. Lọ́la, jókòó lé ọwọ́ ẹ."

Mo ní mo gbọ́, Màmá.

"Gbogbo ẹ̀yin bàbá lẹ máa ń gbọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù karùn-ún

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́.

Ọmọ mọ́kàndínlógójì. Wọ́n kọ nọ́ńbà 14 sí apá ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti iwájú, omi dúdú, orí ìgbì funfun. Fèrè dún, wọ́n sì dà wọ omi bí agbo ewúrẹ́ tó rí ìkookò lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ lu orí, ìgúnpá lu ojú. Kí wọ́n tó kúrò létí omi, mẹ́ta ti ń sunkún. Imú Kíjìpá ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí ojú sí wa láti mí, mo ń rí i, pupa lẹ́nu àti lágbọ̀n, omi á fọ̀ ọ́ nù, á tún pupa.

Atukọ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀ ń mú ọkọ̀ tẹ̀." Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Lóòótọ́ ni, mo jókòó lé e.

400. 600. Ó ń wẹ̀ bí ẹni tó ń bínú sí omi. Ìgbì á bò ó, á yọ. Ó kọjá ọmọ márùn-ún, mo kà wọ́n. Ní 800 ni agbá pupa tó ń léfòó wà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń yà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ́ lu ara wọn. Erinmi wà níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ funfun bíi ti ẹran tó ti gba ọ̀bẹ. Ó nawọ́ sí ohun tó sún mọ́ ọn. Èjìká ọmọ mi ló bá. Ó gùn ún.

Àwọn méjèèjì rì.

Mò ń wò ó. Ìgbì kan kọjá. Òmíràn kọjá. Orí Erinmi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbá, ó di okùn rẹ̀ mú, ó ń pariwo. Orí kan ṣoṣo. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà lójú omi, kò sì sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń ké bíi ti ẹlòmíràn. Nígbà náà ni mo rí irun dúdú lábẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa gan-an, tó ń kọjá lọ. Atukọ̀ ní, "Bàbá, rárá!" Mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo di irun náà mú, mo di aṣọ ìwẹ̀ mú lẹ́yìn, mo fà á, bí mo ṣe máa ń fa ẹran tó bá fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo agbára.

Ó wọ inú ọkọ̀ tìjà tìjà. Ó gbá mi lẹ́nu. Ó gé ọwọ́ mi jẹ, ó gé e wọ inú eegun, kò sì fi í sílẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà á, mò ń ní, "Èmi ni, èmi ni, bàbá ẹ ni." Ó tu ọwọ́ náà dà nù lẹ́nu.

"Mo ti bọ́! Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Mò ń wẹ̀ lọ ni!"

Fèrè dún. Ìyá Fèrè pè é látinú ọkọ̀ ńlá, ohùn rẹ̀ gbẹ: "Nọ́ńbà kẹrìnlá, ó parí."

400 mítà ló kù. A ń bá ìgbì bọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ṣì ń wẹ̀. Kíjìpá jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, irun tí mo fà tu ṣì wà láàárín ìka mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mi dà pọ̀ nínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń ṣàn lọ ṣàn bọ̀.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù karùn-ún

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sínú yàrá. Ọwọ́ mi wú bí ẹsẹ̀ màlúù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹfà

Dókítà ní eyín ènìyàn burú ju eyín ajá lọ. Abẹ́rẹ́ àti oògùn: kílò mẹ́jọ. N kò lè di ọ̀bẹ mú. Mo fi ọwọ́ òsì gé ẹran, ó rí bíi pé ẹkùn ló gé e, àwọn oníbàárà sì ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Onígíláàsì wọlé lọ́sàn-án. Mo rò pé ìjà ló tún bá wá. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ọmọ òun sọ fún òun pé nígbà tí àwọn wà nísàlẹ̀, ọmọ mi di ọwọ́ òun mú, ó fi lé okùn agbá, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ. "Ó ní kò gbá òun pàápàá. Ó ní ká ní ó gbá òun, ìyẹn ì bá rọrùn fún òun ju èyí lọ." Ó fọwọ́ kan àyè eyín rẹ̀. "Mo rò pé ó yẹ kó o mọ̀."

Ó san owó ẹran kílò méjì, ó sì kọ ṣéńjì. N kò rí i kó kọ ṣéńjì rí.

Mo sọ ọ́ fún ìyá Kíjìpá. Ó ní, "Ẹ rí i bó ṣe rí? Gbogbo ìgbà yìí, èmi ni mò ń ní kó má lọ. Èmi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó lọ lẹ fa irun ẹ̀ tu." Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹfà

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Kíjìpá. Mo ní, "Mo ṣì ọ́ ṣe." Ó ń yí ìwé. Mo ní, "Ọmọ Onígíláàsì ti sọ ohun tó o ṣe." Ó ń yí ìwé. Mo yí padà.

"Àbámẹ́ta ni mo máa lọ," ó ní.

"Lọ síbo?"

"Mo máa kọjá. Mo ti lọ bá Ìyá Fèrè. Wọ́n ní kò sí orúkọ tí wọ́n máa kọ sára ògiri, pé kò sí fìlà pupa. Mo ní n ò béèrè fìlà."

"Ta ló máa wà nínú ọkọ̀?"

"Màámi."

Láti inú ilé ìdáná, ohùn kan jáde: "Èmi? Èmi tí n ò wọ ọkọ̀ rí láyé?"

"Ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn mí, Màámi. Ẹ máa di ọkọ̀ mú ni."

Mo ní ṣé kí n dúró létí omi.

"Rárá. Ẹ ó bẹ́ sínú omi."

"N ò mọ omi í wẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ó bẹ́ sínú ẹ̀ náà." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ lọ ṣí ìsọ̀ yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

Wọ́n jáde láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ wọ búláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì ń gbàdúrà lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Kíjìpá ò bojú wẹ̀yìn. Mo ṣí ìsọ̀.

Afẹ́fẹ́ ń gbá páànù òrùlé. Gbogbo ìgbà tó bá gbá a, mo ń gbójú sókè. Mo gé ìka ara mi. Mo gbé ẹran eléegun fún ẹni tó ní òun ò fẹ́ eegun, mo gbé ti ẹlòmíràn fún ẹlòmíràn. Obìnrin kan ní, "Alápatà, ṣé ẹ mutí ni?" Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ọmọ ló gé e jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù láti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún so ó. Mo la orí màlúù kan tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Mo fi àáké là á títí kò fi jẹ́ orí mọ́.

Èrò ti pọ̀, wọ́n tò dé ojú títì. N kò mọ ìgbà tó wọlé. Mo kàn gbójú sókè láti béèrè pé ta ló kàn, mo sì rí i lórí ìlà, lẹ́yìn oníbúrẹ́dì, ó wọ kóòtù ìyá rẹ̀, omi ń kán láti irun rẹ̀ sílẹ̀. Kò wò mí. Ó dúró bí oníbàárà. Mo gé ẹran fún ènìyàn mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo gé fún wọn.

Ó kàn án. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì. Awọ ìka rẹ̀ ti hun jọ, èékánná rẹ̀ dúdú.

"Màámi bì lẹ́ẹ̀mẹta. Atukọ̀ ní òun ò ní gbé wọn mọ́ láéláé."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo kọjá."

Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹran là ń rà níbí àbí ìtàn?"

Kíjìpá ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi, aṣọ tí wọ́n fi dì í, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń yọ lára aṣọ náà.

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an."

"Ó dáa," ó ní. Ó yí gba ẹ̀yìn tábìlì, ó ká apá kóòtù sókè, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó sì kọjú sí obìnrin náà. "Kílò mélòó lẹ fẹ́, mà?"